Ta ló ni agolo yìí?

Dọ́là 14 ni mo ra agolo náà lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta ohun àtijọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ní ìpínlẹ̀ Vermont níbí, ní Amẹ́ríkà. Agolo gálọ́ọ̀nù kan ni, èyí tí wọ́n ń rọ omi dídùn igi maple sí. Àwòrán ẹṣin méjì tó ń wọ́ àgbá lórí yìnyín wà lára rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ti dípẹtà. Irú àwòrán yẹn pọ̀, torí ilé iṣẹ́ ló ń tẹ agolo wọ̀nyí jáde lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n á fi àyè sílẹ̀ kí olóko fúnra rẹ̀ lu òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ni mo ń wá.

Ó ti ṣá. Mo paná yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi í lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rá gba ara rẹ̀ kọjá. Lẹ́tà wá ń yọjú díẹ̀díẹ̀: "Mrs.", orúkọ ọkùnrin kan, orúkọ ìlú, "Vt.", ìyẹn Vermont ní ìkékúrú. Kò sí nọ́ńbà ZIP, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́sì tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lò, níparí. Ọdún 1963 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àfàìmọ̀ kí agolo mi má ti wà ṣáájú ìgbà náà.

Mo gba ìdí ìwé ìkànìyàn ọdún 1950 lọ. Ọdún 72 ni ìjọba fi ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, 2022 ni wọ́n tó ṣí i fún aráyé. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ń tú u kí n tó bá ìdílé náà. Ọkọ, àgbẹ̀. Ìyàwó, lẹ́tà H kan péré: iṣẹ́ ilé ló ń ṣe.

Ó dùn mí wọra. Oṣù kẹrin ni ìkànìyàn yẹn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi igi ṣì ń ro ní apá ibí. Nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 40 lèèyàn ń sè kó tó ku ẹyọ kan. Ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lára ọjà, H ni wọ́n kọ fún un! Orúkọ ọkọ ló sì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lára agolo.

Ìyá bàbá mi ta epo pupa lọ́jà Ìkirè fún ohun tó lé lógójì ọdún. Ìyá Elépo ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ọjọ́ tí a sin wọ́n ni mo tó rí orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ, lára ìwé ètò ìsìnkú.

Mi ò ní kọ orúkọ obìnrin Vermont yìí síbí, torí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lè wà nítòsí. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sórí páálí kékeré, orúkọ tirẹ̀ gan-an, mo sì tì í sínú agolo. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ìlú náà, níbi tí ìwé ilẹ̀ wà. Mo fẹ́ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ àwọn igi yẹn.