Ara Wà Nílé, Ọkàn Ò Sí Níbẹ̀

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọmọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, lórí bí òbí ṣe lè wà lọ́dọ̀ ọmọ tara tọkàn.

Woolwich là ń gbé, ní London. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, tí mo bá ti ṣíwọ́ ní aago 7 àárọ̀ màá wọ bọ́ọ̀sì 53 ní Elephant and Castle, bí ìdí mi bá ṣe ń kan àga báyìí fóònù ti dọ́wọ́ mi nìyẹn, mẹ́sèèjì ìyá mi láti Abẹ́òkúta, mẹ́sèèjì iléèwé, owó ilé, owó iná, kí n tó délé orí mi ti gbóná. Ọkọ mi ń jáde, èmi ń wọlé, "wọ́n ti jẹun o", ó parí, ó ku kí n sáré kó wọn lọ síléèwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù November, mò ń fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì àbúrò, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ní "ẹn, ó dáa, wọ bàtà ẹ." Nírọ̀lẹ́ mò ń wá ìbọ̀wọ́ nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, mo bá tíṣù kékeré kan níbẹ̀, eyín ló wà nínú ẹ̀. Eyín àkọ́kọ́ tó máa yọ lẹ́nu ẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ó wò mí, ó ní "Mọ́mì, mo fi hàn yín láàárọ̀, ẹ ní ó dáa."

Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, tí eyín bá yọ, ariwo ni, a máa jù ú sórí òrùlé, wọ́n á ní kí alángbá má rí i o. Ti ọmọ tèmi wà nínú tíṣù láti àárọ̀. Ẹkún ni mo sun nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n lọ sí kíláàsì mindfulness, ìyẹn ni pé kéèyàn fara balẹ̀, kó fọkàn sí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ 8 ni. Jon Kabat-Zinn, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ lọ́dún 1979 ní Yunifásítì Massachusetts, fún àwọn tí ìrora ò fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n fún kálukú ní ràísìn kan ṣoṣo, pé ká wò ó, ká gbóòórùn ẹ̀, ká má tíì gbé e mì. Inú kọ́kọ́ bí mi. Àfi bí mo ṣe rántí ìyá mi, tá a bá ń ṣa ẹ̀wà, "farabalẹ̀ ṣà á, òkúta wà níbẹ̀." Ohun kan náà mà ni! Ara la kọ́kọ́ ń fi balẹ̀, ọkàn á wá tẹ̀ lé e.

Kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kó máa fọkàn sí èémí ẹ̀, ìyẹn ò ṣeé ṣe nílé wa, àbúrò á ti gun ẹ̀yìn mi. Ohun tí mò ń ṣe ni pé tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, kí n tó ki kọ́kọ́rọ́ bọlé, màá gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, màá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù á wà nínú báàgì títí wọ́n á fi wọ kíláàsì. Ìgbà míì mo ṣì máa ń gbàgbé, ọjọ́ Tuesday tó kọjá mo jágbe mọ́ wọn nítorí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó sun wákàtí 3 péré, oorun ló nílò, kì í ṣe mindfulness, èmi bẹ ọ̀gá mi kó tó dín iṣẹ́ alẹ́ mi kù. Tí ìbànújẹ́ bá sì wúwo jù, ẹ lọ rí dókítà.

Alẹ́ Sunday ni mo fẹ́ràn jù, tí mo bá ń dirun fún ẹ̀gbọ́n. Orí ẹ̀ á wà láàárín orúnkún mi, òórùn òrí á gba pálọ̀, mò ń ya irun, òun ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òun kan ò jẹ́ kóun jókòó tì í mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró, ó yíjú sẹ́yìn, ó lanu, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo gbé kóòmù sílẹ̀, mo fi ìka kan ibẹ̀. Tuntun ti ń hù, ó rí gbágungbàgun lábẹ́ ìka mi.