Àyẹ̀wò Ọdún: Atọ́ka Ìwé Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ìwé ìtàn ìlú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ atọ́ka (àtò orúkọ àti ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú-ìwé tí a ti lè rí wọn) tó kọjá lọ́wọ́ wa ní Adó-Èkìtì lọ́dún tó ń parí lọ yìí. Ohun tó sì gba àkókò jù ni títò ọ̀rọ̀ ní ètò álífábẹ́ẹ̀tì, èyí tí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé rò pé kọ̀ǹpútà yóò ṣe fúnra rẹ̀.

Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Ẹ tẹ̀lé E, Gb tẹ̀lé G, Ọ tẹ̀lé O, Ṣ tẹ̀lé S. Ẹ̀rọ tí kò ka àmì sí á to Ẹ̀fọ̀n ṣáájú Èkìtì, á sì to gbẹ́nàgbẹ́nà ṣáájú gẹ̀lẹ̀dẹ́. Òmíràn á kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi Ẹ, Ọ àti Ṣ bẹ̀rẹ̀ lọ sẹ́yìn Y. Tábìlì olópòó méjì ló gbà wá. Òpó kìíní ni ọ̀rọ̀ bí yóò ṣe hàn nínú ìwé. Òpó kejì ni ọ̀rọ̀ kan náà láìsí àmì ohùn, pẹ̀lú ez dípò ẹ, gz dípò gb, oz dípò ọ, sz dípò ṣ. Yorùbá kò ní z, nítorí náà kò sí ohun tó máa dà pọ̀. Òpó kejì la fi ń tò ó, a ó wá yọ ọ́ kúrò. Bí lẹ́tà bá bára mu, a máa ń fi ohùn ìsàlẹ̀ ṣáájú, kí àárín tẹ̀lé e, kí òkè kẹ́yìn: ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́. Ẹlòmíràn lè yàn ọ̀tọ̀, kó ṣáà má yí i padà láàárín ìwé kan.

Wíwá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì náà ní wàhálà tirẹ̀. Òǹkọ̀wé kan á fi àmì róbótó sábẹ́ e, ẹlòmíràn á fa ìlà kékeré síbẹ̀. Lójú ènìyàn ọ̀kan ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni. Èèyàn á wá Ọ̀yẹ́, ẹ̀rọ á ní kò sí. Ẹ sọ gbogbo fáìlì di irú ìkọsílẹ̀ kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wíwá kọ́ ni atọ́ka. Ẹ̀rọ á rí gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí; kò mọ èyí tí wọ́n ti sọ nǹkan gidi nípa rẹ̀. Bí òǹkàwé bá ṣí ojú-ìwé méjì tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, kò ní gba atọ́ka náà gbọ́ mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ka ìwé tán kí a tó mú ọ̀rọ̀ kankan. Òǹkọ̀wé lè pe ogun kan ní Ogun Kírìjì ní orí kejì, kó pè é ní Ogun Èkìtì Parapọ̀ ní orí karùn-ún. Ibì kan ni ká kó gbogbo rẹ̀ sí, ká sì kọ "wo Ogun Kírìjì" sí ìdí orúkọ kejì. Bí nọ́ńbà ojú-ìwé tó wà nídìí ọ̀rọ̀ kan bá ti lé ní mẹ́fà, ká pín in sábẹ́ rẹ̀: ohun tó fà á, Ògèdèngbé nínú rẹ̀, àdéhùn 1886.

Orúkọ oyè léwu jù. "Èwí" tàbí "Ajerò" nínú ìwé kan lè jẹ́ ọba mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún tí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni ká fi mọ ẹni tó wà lórí ìtẹ́, ká fi orúkọ rẹ̀ ṣe àkọlé, ká wá fi "wo" sí ìdí oyè.

Lọ́dún tó ń bọ̀, a ò ní gba ojú-ìwé tí wọn kò tíì tò tán mọ́. Àwòrán kan tí wọ́n bá fi kún ojú-ìwé 46 á ti gbogbo nọ́ńbà tó kù, kò sì ní tì wọ́n lọ́gbọọgba, torí ìpínrọ̀ tó wà létí ojú-ìwé lè pín sí méjì. A ó sì máa béèrè ààyè tí atẹ̀wé fi sílẹ̀ kí a tó dá iye owó: ojú-ìwé 6, òpó méjì, ìlà 40 lórí òpó, ìlà 480 péré nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ gba àlàfo tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tó fi lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ àti àwọn tó fi lẹ́tà tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.