Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀: òfin wà, àmọ́ kì í wọ inú fláàtì

Gbogbo ìgbà tí fídíò ọmọ ọ̀dọ̀ kan bá ti jáde lórí Facebook, tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e lẹ́yìn tàbí tí wọ́n nà án bí ẹni na ewúrẹ́ torí ó bu ẹran jẹ, ohun kan náà làwọn èèyàn máa ń kọ sábẹ́ ẹ̀, pé kí ìjọba tètè ṣòfin. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí òfin wà o, ó tiẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ò sí ni ẹni tó máa gbé òfin yẹn dé inú ilé tí ọmọ náà ń sùn. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Òfin iṣẹ́ tí a ń lò títí di báyìí, ọdún 1974 ni wọ́n ti ṣe é. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba ọmọdé síṣẹ́ àfi tó bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí ọmọ ọ̀hún, kó sì jẹ́ iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, bí iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ilé. Ìyà ẹni tó bá rú u ńkọ́? Owó ìtanràn tí ò gbọdọ̀ ju N100 lọ. Lásìkò yẹn owó gidi ni, lónìí kò ra búrẹ́dì tó kéré jù lọ. Ọdún 2003 ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé wá dé, òun ló sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé 18, ọmọdé ni, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi ọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbi tí kì í ṣe ilé ẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ ẹbí ẹ̀, N50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí méjèèjì pọ̀ ni ìyà tibẹ̀. Èkó ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2007, torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ gba òfin yẹn wọlé fúnra ẹ̀ kó tó lè múlẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan lókè ọya sì lò tó nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó ṣe é. Èyí tó le jù nínú gbogbo ẹ̀, lójú tèmi, ni òfin ọdún 2015 tí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ń lò, pé ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀wọ̀n ni, oṣù 6 sí ọdún 7.

Ẹ wá gbé iye àwọn ọmọ yẹn síwájú òfin wọ̀nyí. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò nǹkan nílẹ̀ wa, àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, jọ ṣe lọ́dún 2022, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024, sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 24 ọmọ ọdún 5 sí 17 tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé ní Nàìjíríà, ìyẹn bí 39 nínú gbogbo 100, àwọn bíi mílíọ̀nù 14 lára wọn sì jẹ́ pé iṣẹ́ tó léwu ni wọ́n ń ṣe. Mi ò mọ ẹ̀wọ̀n tó lè gba gbogbo àwọn tó ń lò wọ́n.

Tíṣà ni mí, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó níbí. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń gbé fúláàsì oúnjẹ wá fún ọmọ kíláàsì mi kan lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Kò ní yára lọ. Á dúró lójú fèrèsé, á máa ka ohun tí mo kọ sí bọ́ọ̀dù, ẹnu ẹ̀ á máa mì, kò ní jẹ́ kóhùn jáde. Lọ́jọ́ kan mo pè é, mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. "Mo ti pé 14, mà." Bó ṣe ya ẹnu ni mo rí i pé eyín ọmọdé ẹ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ojú ihò ibẹ̀ ṣì pupa. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ níwèé pẹ́ mọ ìgbà tí eyín yẹn máa ń ká. Ọmọ yẹn ò lè ju 10 tàbí 11 lọ. Wọ́n kọ́ ọ ní 14 ni, ó sì ti mọ̀ ọ́n sórí.

Mo bá ẹni tó ń pè ní mọ́mì sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n wá sí ìpàdé òbí, mo ní ìyá wa, ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí náà bẹ̀rẹ̀ iléèwé níbí, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Àǹtí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ìyá ẹ̀ ló ní kí n bá òun tọ́ ọ. Tó bá lọ síléèwé, ta ló máa wo ìkókó nílé?" Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, ọmọbìnrin míì ló ń gbé fúláàsì wá. Ọmọ tiwọn sọ fún mi ní kíláàsì pé wọ́n ti dá ti àkọ́kọ́ padà fún éjẹ́ǹtì.

Ẹ rí i, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni kì í ti ọwọ́ éjẹ́ǹtì wá. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an lòfin ti ń já. Mọ̀lẹ́bí lófin yọ̀ǹda fún, torí náà gbogbo wọn di mọ̀lẹ́bí. Àwa Yorùbá sì ti máa ń fọmọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, èmi náà gbé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo fọ abọ́, mo ponmi, mo gbálẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà ń ṣe é, iléèwé kan náà la sì jọ ń lọ. Ẹni tó bá sọ pé ìyẹn náà lòfin fẹ́ fòpin sí, irọ́ ló ń pa. Ohun tí mò ń sọ ni ọmọ tó ń jí ní aago 4 àbọ̀ fọ mọ́tò, tó ń gbé báàgì ọmọ onílé dé géètì iléèwé kó tó yí padà, tó ń sùn lórí ẹní ní kíṣìnì, tí owó oṣù ẹ̀ ń lọ tààrà sọ́wọ́ éjẹ́ǹtì, tí éjẹ́ǹtì yọ tiẹ̀ kúrò kó tó fi ìyókù ránṣẹ́ sílé, bó bá fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Ó dáa, mo gbà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní ká máa fi ọmọ ẹlòmíì ra ìlẹ̀kẹ̀ fún tiwa.

Púpọ̀ nínú wọn, òkèèrè ni wọ́n ti wá, Calabar, Akwa Ibom, Benue, àwọn míì láti Kútọnu àti àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò wọlé. Àwọn tó bá ti dàgbà díẹ̀ á rántí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Zakpota, agbègbè kan ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́dún 2003. Wọ́n kó àwọn ọmọdékùnrin láti ibẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, ọmọ kékeré ló ń fi òòlù fọ́ òkúta látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí ariwo ta, ọlọ́pàá lọ síbẹ̀, wọ́n sì kó ọmọ tó lé ní 200 padà sí orílẹ̀-èdè wọn, lọ́dún 2005 Nàìjíríà àti Benin jọ bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn lórí ẹ̀. Ó ṣeé ṣe torí pé òkúta fífọ́ ò ṣeé fi pamọ́. Ìta gbangba ni, eruku ń sọ, èèyàn ń rí wọn. Ọmọ tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ní Súrùlérè ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò, ilé iṣẹ́ ló ń lọ, kì í kanlẹ̀kùn kíṣìnì ẹnikẹ́ni.

Bóyá aládùúgbò tiẹ̀ wá láyà, ó lọ fẹjọ́ sùn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé kí ló kàn án. Bí wọ́n bá jàjà tẹ̀lé e dé ibẹ̀, ìyá onílé á ní ọmọ ẹbí òun ni, ọmọ náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ilé yẹn náà ló máa sùn mọ́jú. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀ hàn, kò sí. Ó lè jẹ́ Ègùn ló ń sọ, tàbí Ìbìbíò, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹ̀ ní tésàn, ìyá onílé náà ló tún ń ṣe ògbufọ̀. Bí wọ́n bá mú un kúrò níbẹ̀, ilé ìtọ́jú wo ló láàyè, ta ló máa bọ́ ọ títí ẹjọ́ á fi parí, èyí tó lè gba ọdún bíi mélòó kan? Wọ́n á wá pe bàbá ẹ̀ lórí fóònù ní abúlé, bàbá á máa bẹ̀bẹ̀ pé ẹ má dá ọmọ òun padà, òun ti gba owó ọdún kan sílẹ̀. Lásìkò yẹn làgbà kan á dá sí i, á ní ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Bó ṣe máa ń parí nìyẹn, mo ti rí i.

Èyí tí òfin máa ń rí mú ni ọmọ tó wà lójú títì, torí òun lojú ń rí. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Hitler, lọ́dún 1946, àwọn òyìnbó ṣòfin l'Ékòó pé ọmọ tí kò bá tíì pé 14 ò gbọdọ̀ kiri ọjà, wọ́n ń mú àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri, inú àwọn ìyá ọlọ́jà ò sì dùn sí i rárá, torí igbá tọ́mọ gbé sórí wà lára ohun tí ilé ń jẹ. Ẹ lọ sí Ojúẹlẹgba tàbí Òṣòdì lónìí, ẹ ó rí bóyá kíkiri dáwọ́ dúró. Lọ́dún 2016, ọkọ̀ gbá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kiri pa ní Maryland l'Ékòó, wọ́n ní àwọn tó ń lé akiri ló ń sá fún, àwọn èèyàn bínú, wọ́n ba bọ́ọ̀sì BRT jẹ́, Ambode, gómìnà Èkó nígbà náà, wá kéde pé wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin Èkó ọdún 2003 tó de ọjà kíkiri, tó ní N90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 fún ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Tí wọ́n bá gba ọjà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 11, ta lẹ rò pé ó máa san án? Ọmọ yẹn náà ni wọ́n máa nà tó bá délé, tí wọ́n á tún di igbá míì rù ú lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó di igbá náà jókòó sílé, kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀.

Èmi ò gbà pé kò ṣeé ṣe láti mọ àwọn ọmọ tó wà nínú ilé o. Ẹ lọ wo ẹ̀sítéètì tó ní géètì l'Ékòó. Sìkiọ́rítì ò ní jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ kankan jáde láì ní káàdì lọ́rùn. Fọ́tò wà lára káàdì yẹn, orúkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ilé tó ń bá ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ó wà nínú ìwé ńlá kan lórí tábìlì ní géètì, torí wọ́n ò fẹ́ kí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ẹnikẹ́ni sọ nù. Wọ́n ti ka àwọn ọmọ náà tán, nítorí olè ni wọ́n ṣe kà wọ́n. Kí wọ́n fi ọjọ́ orí kún un, kí ìwé yẹn sì máa dé ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀ lóṣooṣù, bí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ṣe ń kọ orúkọ ẹni tí ò tíì san owó sìkiọ́rítì. Éjẹ́ǹtì náà, òfin ọdún 1974 yẹn ti sọ pé ẹni tó bá ń gbowó torí pé ó ń wáṣẹ́ féèyàn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ mínísítà, nọ́ńbà fóònù wọn sì wà lára ògiri àti òpó iná káàkiri Èkó. Kí ẹnì kan ní ìjọba gbé fóònù kó pè wọ́n, kó ní òun ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì pé 12, kó gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà bíi tèmi, ẹ máa béèrè orúkọ ọmọ tó ń gbé fúláàsì wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i, kí ọ̀gá iléèwé náà mọ̀ sí i, torí tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù lọ́jọ́ kan, ìwé yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà pé ọmọ náà wà níbẹ̀.