Egungun Adìẹ Gbé Wa Dé Ẹmájẹ́ńsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì bi mí o, ìtìjú ọ̀hún ò tíì kúrò lójú mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iléèwé nọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wa fẹ́ ṣe dẹ́mò ẹsẹ̀ kíkán, ẹ sì mọ̀ pé kò sówó egbò rọ́bà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Ni mo bá ní kò sí wàhálà, màá fọwọ́ ara mi ṣe egbò nílé, sójúgun àbúrò mi, òun láá ṣe bí ẹni tó kán lẹ́sẹ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Zóbò ni mo sè títí tó fi ki, mo po kọ́ọ̀nfláwà àti oyin mọ́ ọn, mo wá bu Bournvita sí i kí pupa ẹ̀ má baà mọ́lẹ̀ jù. Fasilín àti tíṣù ni mo fi mọ awọ tó ya, mo fi páńkéèkì kùn ún títí ó fi bá ojúgun àbúrò mi mu. Ó wá ku egungun. Egungun itan adìẹ tó kù nínú ọbẹ̀ alẹ́ ni mo dá sí méjì, mo ki ojú ibi tó dá yẹn síta láàárín egbò. Mo fọ̀ ọ́ o, àmọ́ òórùn kọ́rì àti táìmù ò lọ. Nígbà tí mo parí, mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, orí mi wú. Dókítà tó ń to eegun gan-an ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí mo bá wà.

Ṣebi iléèwé ló yẹ kí n ti ṣe é? Iná ò sí níbẹ̀, dígí ò sí, mo ní ká kúkú ti ilé múra lọ. Mo wá kìlọ̀ fún àbúrò mi pé tá a bá ti jáde kó máa ké, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ kó má dákẹ́, tó bá ṣe é dáadáa màá ra súyà fún un. Ọmọ yẹn dẹ̀ fẹ́ràn súyà.

Kubwa lÁbújá la ti wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Hausa tó wà á wo ẹsẹ̀, ó wo egungun, ó ní "Subhanallahi!", kò bi wá níbi tá à ń lọ mọ́, ó tẹná. Èmi ń pariwo pé iléèwé là ń lọ, òun ń ní "Sannu Hajiya, sannu". Hausa tèmi dẹ̀ ò kọjá "nawa ne", ìyẹn èló ni, àti "ka rage", ìyẹn bá mi dín in kù, ẹ wá wo bí mo ṣe fẹ́ fi ìyẹn ṣàlàyé pé egbò yìí kì í ṣe òótọ́. Bí mo bá tún ti lanu, àbúrò mi á ké "Yéè! Àǹtí mi, mò ń kú lọ o!", á wá máa fojú bi mí pé ṣé òun ń gbìyànjú.

Ọsibítù kan tí n ò ní dárúkọ ló já wa sí. Obìnrin tó wà ní káńtà ò gbójú kúrò lórí fóònù, ó ní ká lọ ra káàdì, ká san dìpọ́sítì kí wọ́n tó wò ó. Kí n ní zóbò ni, ká máa bá tiwa lọ, kó tán síbẹ̀. Rárá o, inú bí mi! Mo gbá káńtà, mo ní òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014, ìpín 20, ó ní ẹ ò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á, ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò ju oṣù 6 lọ tàbí méjèèjì pa pọ̀! Èmi náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ, mo mọ̀ ọ́n lórí. Èmi tí egbò mi ń rùn kọ́rì. Ìyá kan lórí bẹ́ǹṣì ní "Sọ fún wọn!", mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Obìnrin yẹn ò mira. Oníkẹ̀kẹ́ ló tọwọ́ bàpò, tó lọ ra káàdì, òun tí òfin ò bá wí rárá.

Nọ́ọ̀sì kan wá gbé omi ọṣẹ dé láti fọ etí egbò. Ta ló mọ̀ pé tí ọṣẹ bá kan zóbò, àwọ̀ ẹ̀ máa ń yí? Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi di búlúù. Kì í ṣe búlúù díẹ̀ o, búlúù bí aró Kofar Mata ní Kano! Nọ́ọ̀sì fò sẹ́yìn, ó ní "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", àbí ẹ̀jẹ̀ wo ló tún kù tó máa pè? Fasilín yọ̀, egungun já bọ́ sínú abọ́. Oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó wò mí. "Hajiya... kaza?" Adìẹ ló ń sọ yẹn o.

Àbúrò mi ṣì ń ké o.

Mo san owó káàdì pa dà fún un, ó tún gba owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Owó tó pè ga, mo ní "ka rage", ojú tó fi wò mí, mo yáa san án pé.

Nígbà tá a máa fi dé iléèwé, egbò ti gbẹ, apá kan búlúù, apá kan bíi Bournvita, mo dẹ̀ ti ki egungun pa dà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ma, ẹ má bínú o, àmọ́ eléyìí ò jọ ẹ̀jẹ̀ gidi." Àbúrò mi ló dá a lóhùn látorí ibùsùn, ó ní kó lọ bi oníkẹ̀kẹ́.