Pātea, Ìlú Tó Bí Poi E

Lójú ọ̀nà tó ti Whanganui lọ sí New Plymouth ni Pātea wà, ní ìwọ̀-oòrùn Erékùṣù Àríwá New Zealand. Bí awakọ̀ ò bá tẹ bíréèkì, ẹ ti kọjá rẹ̀ nìyẹn. Òjò ti ń fọ́n wínníwínní láti àárọ̀; òkè Taranaki, tí gbogbo ènìyàn ní n kò gbọdọ̀ padà sílé láìrí, ti fi kùrukùru bojú. Ọ̀rẹ́ mi tó ń wa ọkọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Wellington, ní kí n yé fajú ro, pé torí orin lòun ṣe mú mi wá, kì í ṣe torí òkè.

Ní òpópónà ìlú, ọkọ̀ ojú omi gbọọrọ kan wà lókè, tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ náà kọnkéré. Ọdún 1933 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, ní ìrántí Aotea, ọkọ̀ tí Turi fi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ la Òkun Pàsífíìkì kọjá. Àwa tí wọ́n fi ìtàn Odùduwà tọ́ dàgbà ò ní bèèrè ohun tí babańlá ń ṣe lójú títì.

Orin tí wọ́n ń pè ní Poi E gan-an la bá wá. Kò sí ìgbéyàwó tí ọ̀rẹ́ mi lọ ní ilẹ̀ yẹn tí wọn ò ti lù ú. Poi ni bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n so mọ́ okùn, tí àwọn obìnrin Māori, ìyẹn àwọn onílẹ̀ New Zealand, ń jù yípo tí wọ́n sì ń fi gbá ara wọn lọ́wọ́ kó lè bá orin dún. Orin náà ń bá poi sọ̀rọ̀, ó fi í wé ẹyẹ kan tí ìrù rẹ̀ máa ń ṣí bí abẹ̀bẹ̀, tí kì í dúró lójú kan. Wọ́n wá gbé gbogbo èyí lé orí ìlù ẹ̀rọ ìgbà náà, ìlù táwọn ọmọ títì ń jó bíréèkì dáǹsì sí.

Ìgbà tí nǹkan le fún Pātea ni wọ́n ṣe é. Ní 1982 ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa ẹran, tí wọ́n ń dì í fún ọjà òkè òkun, kógbá sílé. Iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ìlú fi ń jẹun. Dalvanius Prime, olórin tó ti ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà kó tó padà wálé, ló gba ọ̀dọ̀ Ngoi Pēwhairangi lọ ní Tokomaru Bay, ní òdìkejì erékùṣù náà. Olùkọ́ èdè ni màmá yẹn, ẹnu wọn sì dùn. Wọ́n bi í bí yóò ṣe jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi jíjẹ́ Māori yangàn. Ó ní irú orin tí wọ́n fẹ́ràn lòun máa fi gbé e wọlé sí wọn lára. Màmá kọ ọ̀rọ̀, Dalvanius fi ohùn sí i.

Àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá ní àwọn ò fẹ́. Dalvanius dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Maui, ẹgbẹ́ Pātea Māori Club sì kọ ọ́. Ní 1984, ọ̀sẹ̀ 4 ló fi wà nípò kìíní ní gbogbo New Zealand. Nígbà tí fíìmù kan tí Taika Waititi ṣe lò ó ní 2010, orin náà tún padà sórí àtẹ.

Ẹ wá gbọ́ o. Ní 1984 yẹn kan náà ni wọ́n kìlọ̀ fún Naida Glavish, tó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí tẹlifóònù ní Auckland, pé kó yé fi “Kia ora”, ìkíni èdè Māori, kí wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ olórí ìjọba kó tó yanjú. Àwọn tó ń jó sí odindi orin Māori, ìkíni kan péré ló ká wọn lára! Kódà ní 1999, tí Hinewehi Mohi kọ orin orílẹ̀-èdè ní Māori nìkan níbi ìdíje rọ́gíbì ní Twickenham, ńṣe ni inú ń bí àwọn kan. Lónìí, ẹsẹ ti Māori ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, Poi E ti bá wọn tú ilẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jó sí èdè kan, ẹnu rẹ̀ á ṣòro láti bú u. Èmi tí wọ́n na lẹ́gba rí torí Yorùbá tí mo sọ nínú kíláàsì, mo mọ ohun tí ìyẹn tó. Wọ́n na àwọn àgbà Māori náà nílé ẹ̀kọ́.

A yà jẹ páì ẹran ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀rẹ́ mi pe màmá tó ń tà á ní whaea, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, ó bèèrè bóyá orin náà kì í sú wọn. Màmá gbé tíréè sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òfìfo ju poi méjì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìbéèrè àwọn àlejò ló ń sú àwọn. Wọ́n wá bi wá bóyá Nàìjíríà náà ní irú rẹ̀.

Mo ní a ní orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi òfin dá padà fún wa ní 2024, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ló kọ ọ́. Màmá ní ìyẹn kọ́ làwọn bèèrè.

Ariyànjiyàn yẹn la gbé wọ ọkọ̀ tí a fi dé Hāwera. Ọ̀rẹ́ mi mú jùjú. Mo ní Hausa àti Ígbò ò ní bá wa kọ ọ́. Ó mú fújì, mo ní bákan náà. Ó ní kí la ti ṣe orin pijin sí. Mo ní èdè ìyá ta nìyẹn? Ó ní ṣé èmi ò kì í jó sí i ni. Mo ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀.