Ọjọ́ Àìkú létí odò Hudson

Ọjọ́ Àìkú, àárín oṣù Ọ̀wàrà. Poughkeepsie, New York.

Àwọn òkè tó wà lápá méjèèjì odò ti pọ́n dẹ́dẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Igi mépù ló máa ń kọ́kọ́ yí àwọ̀, óókù ló máa ń lọ́ra. Ìgbà tí óókù bá fi máa pọ́n, ewé mépù ti wà nílẹ̀. Rélùwéè tó ń gba etí omi lọ sí New York kún fọ́fọ́ láàárọ̀ yìí, gbogbo èèyàn ló sì fẹ́ jókòó lápá ọ̀tún kí wọ́n lè rí odò. Èmi náà bá wọn jókòó síbẹ̀ títí a fi dé Beacon. Ọdún elégédé ni mo ń lọ, èyí tí Beacon Sloop Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tu ọkọ̀ onígbòkun, máa ń ṣe létí omi nígbà ìwọ́wé.

Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí láti àná. A gbin igi sí etí ìṣàn omi kékeré kan tó ń tú sínú Hudson. Láti 2007 ni ìpínlẹ̀ New York ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Trees for Tribs: ìjọba á kó igi ìbílẹ̀ wá, aráàlú á kó ṣọ́bìrì àti agbára wá. Ìgbà ìwọ́wé dára fún irú iṣẹ́ yìí, torí ilẹ̀ kò tíì tutù tán, ewé ti ń sinmi, gbòǹgbò nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Gbòǹgbò yẹn gan-an la sì ń wá. Òun ló ń di etí omi mú tí kì í jẹ́ kó ya lulẹ̀, òun ló sì ń gba ajílẹ̀ tí òjò ń gbá bọ̀ láti oko kó tó dé odò. Tí igi náà bá dàgbà, yóò ṣíji bo omi, ẹja tí kò fẹ́ ooru á rí ibi fi ara pamọ́ sí. A fi páìpù rọ́bà bo igi kọ̀ọ̀kan nítorí àgbọ̀nrín, torí bí a ò bá bò ó, kò ní í rí oṣù kejì.

Bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n fi mí tì. Ó ní bàbá òun máa ń fi àwọ̀n kó ẹja shad nínú Hudson nígbà ìrúwé, pé gbogbo àdúgbò ló máa ń jẹ nínú rẹ̀. Ní 2010 ni ìpínlẹ̀ fòfin de pípa á nínú odò yìí, nítorí ó ti ń tán lọ. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó kàn ń gbẹ́ ihò, èmi náà ń gbẹ́ tèmi.

Ẹ jẹ́ n padà sí Beacon. Páì elégédé wà, orin wà, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Woody Guthrie, ọkọ̀ onígbòkun kékeré tí ẹgbẹ́ náà ní, wà létí omi. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń fi í gbé èèyàn lọ sójú odò, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti dé. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ìlú Beacon ni Pete Seeger olórin gbé títí tó fi kú ní 2014, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì mú kí wọ́n kan ọkọ̀ ńlá tó ń jẹ́ Clearwater, tí wọ́n sọ ọ́ sómi ní 1969. Nígbà yẹn, ìgbẹ́ ìlú àti ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ni wọ́n ń dà sínú Hudson. Wọn ò kọ́kọ́ wá owó láti fọ odò náà. Ọkọ̀ ni wọ́n kàn, kí àwọn èèyàn lè wá sí etí omi tí wọ́n ti kẹ̀yìn sí. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó jinlẹ̀ nìyẹn. Ní 1972, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, òfin omi mímọ́ ti ìjọba àpapọ̀ dé, Clearwater sì wà lára àwọn tó pariwo fún un.

Láti Beacon, bí èèyàn bá wo gúúsù, á rí òkè Storm King ní òdìkejì. Ní 1962, iléeṣẹ́ iná mànàmáná Con Edison fẹ́ gbẹ́ ara òkè náà láti fi ṣe ibùdó amúnáwá tí yóò máa fa omi odò lọ sókè. Àwọn aráàlú dá ẹgbẹ́ Scenic Hudson sílẹ̀ ní 1963, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ní 1965, kóòtù gbà pé aráàlú tó ń jà nítorí ẹwà ilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́, bí kò tilẹ̀ sí owó tiwọn níbẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ẹjọ́ mìíràn káàkiri Amẹ́ríkà. Ó di 1980 kí iléeṣẹ́ náà tó jọ̀wọ́ òkè ọ̀hún. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín wò! Òkè náà wà níbẹ̀ lónìí, ó pọ́n, ó gún régé, àwọn tó ń ya fọ́tò rẹ̀ nínú rélùwéè kò sì mọ̀ pé ẹnì kankan jà fún un rí.

Nísàlẹ̀ pápá ibi ọdún náà, àwọn kan ń fa àwọ̀n pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ẹni méjì wọ bàtà rọ́bà tó dé àyà, wọ́n wọ́ àwọ̀n náà yípo, wọ́n fà á wá sórí iyanrìn. Ẹja wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù, ọmọ striped bass tó ń lọ sí òkun wà níbẹ̀, akàn aláwọ̀ búlúù kan sì ń na èékánná sí gbogbo èèyàn. Wọ́n kà wọ́n, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n dà wọ́n padà sómi. Ọmọbìnrin kan bi olùkọ́ bóyá òun lè mú ọ̀kan lọ sílé kí ìyá òun sè é. Olùkọ́ náà kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ó sì sọ òótọ́ fún un.

Òótọ́ náà rèé. Láti 1947 dé 1977, iléeṣẹ́ General Electric méjì tó wà ní Hudson Falls àti Fort Edward da kẹ́míkà PCB sínú odò yìí. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ́ùn. PCB kì í yára jẹrà. Ó ń wọ inú ẹrẹ̀, ó ń ti inú ẹrẹ̀ bọ́ sára ẹja, ó sì ń ti ara ẹja bọ́ sára ẹni tó jẹ ẹ́. Láti 2009 dé 2015 ni wọ́n fi ń kó ẹrẹ̀ náà kúrò lápá òkè odò. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ ṣì ń kìlọ̀ pé kí obìnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún àti ọmọdé tí kò tíì pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún má jẹ ẹja rẹ̀. Odò yìí náà ni ìlú mi ti ń rí omi mu: ìlú àti abúlé méje ló ń fa omi inú rẹ̀ mu níhìn-ín, Poughkeepsie wà lára wọn. Wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ń mu ún. Nígbà ọ̀dá, omi iyọ̀ láti òkun máa ń gòkè wá sún mọ́ ẹnu páìpù wa, nígbà náà ni gbogbo èèyàn máa ń rántí ibi tí omi wọn ti ń wá.

Mo pe àǹtí mi ní Òṣogbo lórí WhatsApp, mo yí fóònù sí odò.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ wo odò wa.”

“Kí ló dé tí tiyín náà rí ràkọ̀ràkọ̀ báyẹn? Ṣé wọ́n ń wa wúrà níbẹ̀ ni?”

Mo ní rárá. Òkun ń ti omi odò sókè, ó ń fà á padà sísàlẹ̀ lójoojúmọ́, títí dé ìlú Troy lápá òkè odò, òun ló ń rú ẹrẹ̀ sókè. Ohun tó ń pani nínú odò tiwa kò láwọ̀. Àǹtí dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ti àwọn wá láwọ̀ o, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí. Igbó Ọ̀ṣun ti wà lórí ìwé UNESCO láti 2005, Àdùnní Olóòrìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ dáàbò bò ó. Igi wà níbẹ̀, ère wà níbẹ̀, èrò ń wọ́ lọ lóṣù Ògún. Ṣùgbọ́n omi tó gba àárín igbó náà kọjá ń bọ̀ láti ibi tí ọgbà kò dé, lápá Iléṣà, níbi tí àwọn awakùsà ti ń fọ ilẹ̀ wúrà sínú àwọn ìṣàn omi. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní kí àwọn olùjọsìn má mu omi náà. Omi tí wọ́n ń fi ṣàdúrà ọmọ!

Mo sọ fún àǹtí nípa àwọn ọmọ tó ń fa àwọ̀n, àti ọ̀pá oníhò kan tó mọ́ gaara tí wọ́n ń rọ omi sí láti fi wo bí ó ṣe rú tó. Ọ̀pá náà kò wọ́n, mo lè fi ránṣẹ́. Tí àwọn ọmọ ilé ìwé kan bá ń fi wo Ọ̀ṣun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé á wà lọ́wọ́ aráàlú. Àǹtí ní tíṣà sáyẹ́ǹsì kan ń gbé ládùúgbò àwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn kò lè rí òjé àti mákúrì, májèlé tí wíwa wúrà lè dà sómi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bi tíṣà náà bóyá ó mọ ẹnì kan ní yunifásítì UNIOSUN tó lè bá wọn yẹ ìyẹn wò. Wọ́n ní ó di ọjọ́ Ajé.