Bí Inú Mi Ṣe Rí ní Ìbàdàn, Bó Ṣe Rí ní Leeds

Nílé wa ní Òke-Àdó, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí a ti kúnlẹ̀ kí Màámi tán, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Ṣé o ti yàgbẹ́?" Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Bí ọmọ bá ní òun ò yà á lánàá, òun ò sì tíì yà á lónìí, ewédú la ó fi jẹ àmàlà lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbẹ́pẹ la ó sì gé fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìtọ́jú ni Màámi ń ṣe. Oúnjẹ lásán ni mo pè é.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mò ń bá wọn tọ́jú àwọn arúgbó. Láàárín oṣù mẹ́fà tí mo kọ́kọ́ dé, mo máa ń lo ọjọ́ mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, láìyàgbẹ́. Bí mo bá sì jókòó, àfi kí n máa fi agbára tì í bí ẹni tó ń rọbí, ohun tó máa jáde kò sì ju kóró kóró bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Inú mi á le gbandi, oúnjẹ ò ní wù mí, orí á máa fọ́ mi. Mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún, torí níbí, ẹnikẹ́ni kì í bi èèyàn ní ìbéèrè Màámi.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ yí padà. Ní Ìbàdàn, ẹ̀wà wà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ewédú tàbí ilá wà lójoojúmọ́, amùnútutù sì wà lẹ́yìnkùlé wa, tó ń fà mọ́ ògiri. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ tí àwọn baba wa fún ewébẹ̀ yẹn. Bí a bá ń bọ̀ láti iléèwé, a ó ra ọsàn tí wọ́n ti bó, a ó mu ún, a ó sì jẹ háhá rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Leeds, búrẹ́dì funfun àti tíì ni mo fi ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrẹsì tí mo sè lọ́jọ́ Àìkú ni mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ títí di Ọjọ́bọ̀. Bísíkíìtì ni mo fi ń sùn.

Ohun tó sọnù nínú oúnjẹ mi ni wọ́n ń pè ní fáíbà, ìyẹn èyí tí inú kò lè lọ̀ tán lára ewébẹ̀, èso, ẹ̀wà àti èèpo ọkà. Òun ló ń fa omi mọ́ra tí ìgbẹ́ fi ń tóbi tó sì ń rọ̀, kí ìfun lè rí nǹkan tì síwájú. Ìjọba ibí ní kí àgbàlagbà máa jẹ gíráàmù 30 rẹ̀ lóòjọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Uganda, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìgbẹ́ àwọn ará abúlé Uganda mọ́ ti àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1972. Ti àwọn ará abúlé ju gíráàmù 400 lọ lóòjọ́, ti àwọn ọmọ ogun yẹn ò ju nǹkan bí 100 lọ. Oúnjẹ àwọn ará abúlé ń gba inú wọn kọjá láàárín ọjọ́ kan ààbọ̀, ti àwọn kejì lé ní ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó ṣe mí bíi pé èmi fúnra mi ni wọ́n wọ̀n, kí n tó wọkọ̀ òfuurufú àti lẹ́yìn tí mo bọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ kí n má purọ́ fún ara wa. Àwa náà ń da tiwa nù nílé. Bí a bá sẹ́ ògì tán, èérí rẹ̀, níbi tí fáíbà wà gan-an, ewúrẹ́ là ń dà á fún. A ń bó ẹ̀wà kí a tó lọ̀ ọ́ fún mọ́ínmọ́ín. Àwọn ọmọ Ìbàdàn òde òní sì ti gba indomie àti búrẹ́dì funfun gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ àárọ̀ àti talẹ́.

Omi ló tẹ̀ lé e. Nílé, oòrùn ni yóò rán ọ létí, o ó sì fa omi inú ọ̀rá méjì mu kí o tó dé Dùgbẹ̀. Níbí, òtútù kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ èèyàn. Mo lè ti àárọ̀ dé ọ̀sán kí n má fi omi kan ètè. Ìfun ńlá a sì máa fa omi kúrò lára ìgbẹ́, bó bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ sí ni yóò máa gbẹ sí i.

Ìdádúró ìgbẹ́ ló wá bà mí jẹ́ jù. Lẹ́yìn tí èèyàn bá jẹun àárọ̀ ni ìfun máa ń jí, ìgbà náà ló máa ń pe èèyàn. Orí bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wà nígbà tó bá pè mí. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́, aago àwọn arúgbó á ti máa dún láti yàrá kan dé èkejì. N ó gbé e mì. Bí èèyàn bá sì ń gbé e mì lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, ìpè náà á dákẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó nìkan o: iléèwé girama tí mo lọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ dọ̀tí débi pé àwa ọmọbìnrin ń dá a dúró títí a ó fi délé. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá rántí.

Agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé ni mo kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà oògùn senna láti kẹ́míìsì. Ìbátan àsùnwọ̀n òyìnbó tí àwọn elégbòogi wa ń lò ni senna yìí, bákan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́: wọ́n ń ta ìfun jí tipátipá. Inú á lọ́ mi, n ó ṣu gbuuru lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn náà ó tún di ọjọ́ mẹ́rin. Obìnrin apòògùn kan ló wá pè mí sí yàrá kékeré ẹ̀yìn, tó bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, àti oògùn ìrora tó ní codeine nínú, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Ó ní méjèèjì ló ń mú ìgbẹ́ le. Ó ní kí n lọ bá dókítà kó bá mi wò ó, kí n má kàn dá oògùn ẹ̀jẹ̀ dúró fúnra mi. Lẹ́yìn náà ló ní bí mo bá jókòó sórí àga ìgbọ̀nsẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kí orúnkún mi ga ju ìbàdí lọ.

Àpótí! Bí a ṣe ń lóṣòó ní ṣalángá ìyá àgbà lábúlé ló ń ṣàpèjúwe fún mi yẹn. Iṣan kan wà tó fi ara kọ́ ẹnu ìfun bí okùn. Bí èèyàn bá lóṣòó, á dẹ̀, ọ̀nà á sì tọ́. Mo ra àpótí kan lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Mo tún oúnjẹ mi tò díẹ̀díẹ̀, torí bí èèyàn bá kó fáíbà jọ lẹ́ẹ̀kan náà, inú á wú. Oats láàárọ̀, èso prunes márùn-ún tí mo rẹ sínú omi mọ́jú, ẹ̀wà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ilá láti ìsọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Harehills, ike omi nínú báàgì mi. Mo ń jí ṣáájú kí n lè jẹun kí n sì jókòó ní ìrọ̀rùn. Kò tó oṣù kan tí inú mi fi bọ̀ sípò.

Ibì kan wà tí Ìbàdàn kò tó Leeds, ó sì ń ká mi lára. Nílé, bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìgbẹ́, "jẹ̀díjẹ̀dí ni, dín ṣúgà kù" ni gbogbo ayé máa sọ. Ìgbẹ́ líle àti fífi agbára tì í ló sábà ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, kì í ṣe ṣúgà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí à ń pè ní Bọ̀dá, mu agbo fún ọdún méjì, ó ń rù, ó ń mu ún. Nígbà tí wọ́n fi máa yẹ inú rẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ìfun ni, ó sì ti tàn dé ẹ̀dọ̀. Níbí, ẹni tó bá ti pé ọdún 50 ń gba àpò kan láti ọ̀dọ̀ NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ibí, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì títí di 74: á fi igi tín-ín-rín mú ìgbẹ́ díẹ̀, á fi sínú ìgò kékeré, á fi ránṣẹ́ padà, wọ́n á wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bọ̀dá ní Òke-Àdó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe àbúrò mi ọkùnrin, mo sì bi í ní ìbéèrè Màámi. Ó ní, "Àǹtí mi, ìgbẹ́ mi ti yí padà láti bí oṣù kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí ni." Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò fèsì. Mo fi owó àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí i kí n tó sùn. Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ lọ, Màámi sì ní àwọn á tẹ̀ lé e.